Lílo ìnagijẹ láti fi àdírẹ́sì sórí ímeèlì kíákíá: ẹ kó ìmọ̀ yín wá síbí

Akọ̀wéTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé àdírẹ́sì yìí ti kún, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ló sì ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú rẹ̀. Tí mo bá tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ báyìí, gbogbo wọn á tò wá, ó di kí n máa fi ojú ṣa ẹni tí mo fẹ́. Ohun tí mo ń wá ni kí n tẹ lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta péré, kí n tẹ Enter, kí àdírẹ́sì ẹni náà gan-an bọ́ síwájú To. Gmail ni mo ń lò nínú bùráúsà, Thunderbird ló wà lórí kọ̀ǹpútà, fóònù Android náà sì wà ńbẹ̀. Ibo la ti ń ṣe é, kí ló sì yẹ kí n ṣọ́ra fún?

ỌmọGmail

Ibi tí ẹ ń wá wà nínú Google Contacts, àmọ́ ó fara pamọ́ díẹ̀. Ẹ lọ sí contacts.google.com, ẹ ṣí kọ́ńtáàtì ẹni náà, ẹ tẹ Edit. Àwọn àlàfo tí ẹ máa kọ́kọ́ rí kò ní Nickname nínú. Ẹ tẹ Show more, ìgbà yẹn ni Nickname máa yọjú. Ẹ kọ ìnagijẹ síbẹ̀, ká ní xak, ẹ tẹ Save.

Ẹ padà sí Gmail, ẹ tún ojú ìwé náà ṣí kó lè rí àtúnṣe tuntun, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ẹ tẹ xak síwájú To. Orúkọ ẹni náà á yọ nísàlẹ̀. Ẹ tẹ Tab tàbí Enter, ó parí. Tí ẹ bá ti tan Keyboard shortcuts nínú Settings, lẹ́tà c nìkan ló ń ṣí lẹ́tà tuntun. Nítorí náà c, xak, Tab: ọwọ́ ò kan máòsì rárá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé ọwọ́ máa ń yá ju ẹ̀rọ lọ. Tí ẹ bá tẹ Enter kí orúkọ tó yọ, Gmail á rò pé xak fúnra rẹ̀ ni àdírẹ́sì. Nígbà tí ẹ bá tẹ Send ló máa kígbe pé òun ò mọ àdírẹ́sì náà. Kò séwu, lẹ́tà ò lọ síbì kankan, torí kò sí @ nínú ohun tí ẹ tẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ dúró dè é ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

ẸyẹÀrá

Nínú ohun tí ẹ dárúkọ, Thunderbird ló mọyì ìnagijẹ jù. Ctrl+Shift+B ń ṣí Address Book. Ẹ yan ẹni náà, ẹ tẹ Edit, ẹ kọ ìnagijẹ sí Nickname, ẹ tẹ Save.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé bí ẹ ṣe ń tẹ orúkọ sí To, Thunderbird ń fún kálukú ní máàkì kó tó tò wọ́n. Ẹni tí ìnagijẹ rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí ẹ tẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń gba máàkì tó ga jù, á sì gba iwájú ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí lójoojúmọ́ pàápàá. Láàárín àwọn tó kù, bí ẹ ṣe ń kọ̀wé sí wọn sí wà lára ohun tó fi ń tò wọ́n. Lẹ́tà méjì tó bá ti dá yàtọ̀ ti tó nìyẹn.

Ohun tó ń ba adùn yìí jẹ́ ni Collected Addresses. Gbogbo ẹni tí ẹ bá ti kọ̀wé sí, tàbí tí ẹ fèsì sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni Thunderbird ń kó síbẹ̀ láìbi yín: àdírẹ́sì tí ẹni náà ti pa tì, àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó gùn bí okùn kànga, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, Composition, ẹ wá apá Addressing, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Automatically add outgoing e-mail addresses to my. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Collected Addresses fúnra rẹ̀, ẹ fa àwọn tó wúlò lọ sínú Personal Address Book, ẹ pa ìyókù rẹ́. Bí ẹ ò bá ṣe apá kejì yìí, yíyọ àmì nìkan ò tún nǹkan kan ṣe, àwọn ti àtijọ́ á ṣì máa yọjú.

Akọ̀wéTuntun

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mi ò kàn lè kọ xak sí ibi orúkọ gan-an ni, kí n gbàgbé Nickname? Show more yẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó ní kọ́ńtáàtì irinwó.

OlójúKíkan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Ìnagijẹ àti orúkọ inú kọ́ńtáàtì kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìnagijẹ, tiyín nìkan ni. Kì í jáde nínú ìwé àdírẹ́sì yín. Orúkọ ní tirẹ̀, ìyẹn First name àti Last name, tàbí èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Display name, ń bá lẹ́tà lọ. Ìlànà tí ímeèlì ń tẹ̀lé, RFC 5322 ti ọdún 2008, fàyè gba kí orúkọ èèyàn wà níwájú àdírẹ́sì rẹ̀ lórí ìlà To, inú kọ́ńtáàtì yín ni ẹ̀rọ sì ti ń mú orúkọ yẹn. Bí ẹ bá wá kọ ẹnì kan sílẹ̀ ní Onígbèsè, bí ìlà náà ṣe máa rí lójú ẹni tó gbà á nìyí:

To: Onígbèsè <lamorin@example.com>

Gbogbo ẹni tí ẹ fi sí Cc náà á kà á. Tí ẹ bá fẹ́ rí lẹ́tà náà ní tútù nínú Gmail, ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reply, ẹ yan Show original. Ẹ lè má tètè dá a mọ̀ níbẹ̀ o, torí orúkọ tó ní àmì lórí sábà máa ń di dídì kó tó rìnrìn àjò:

To: =?UTF-8?Q?On=C3=ADgb=C3=A8s=C3=A8?= <lamorin@example.com>

=C3=AD yẹn ni í, =C3=A8 ni è. Ẹ̀rọ ẹni tó gbà á á tú u, Onígbèsè á sì jáde gbangba lójú onígbèsè.

Ìdánwò rẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ dá kọ́ńtáàtì sílẹ̀ fún àdírẹ́sì yín kejì, ẹ fi orúkọ ẹ̀fẹ̀ kan sí First name, ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí Nickname, ẹ kọ lẹ́tà sí i láti àdírẹ́sì àkọ́kọ́, kí ẹ wá wo èwo nínú méjèèjì ló dé. Ẹ ṣe é nínú gbogbo ohun tí ẹ ń lò, fóònù àti kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irinwó.

OutlookNiTèmi

Ọ̀rọ̀ OlójúKíkan yìí kan àwa oní-Outlook ju ẹnikẹ́ni lọ. Outlook ti orí Windows, èyí tí wọ́n ń pè ní classic báyìí, ní Nickname lóòótọ́, ó wà lábẹ́ Details nínú kọ́ńtáàtì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun la ń gbára lé níwájú To. Orúkọ, àdírẹ́sì àti Display as ni kí ẹ fọkàn tán. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń ti ìnagijẹ bọ inú Display as, ó sì ń ṣiṣẹ́: ẹ tẹ ìnagijẹ, ẹ tẹ Ctrl+K, ó di orúkọ tó ní ìlà nídìí, ìyẹn ni pé Outlook ti mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Bí ẹni méjì bá bá a mu, á gbé àpótí kan síwájú yín pé kí ẹ yan ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n Display as yìí gan-an ló ń bá lẹ́tà lọ. Bí ẹ bá máa lò ó, kí ohun tí ẹ máa kọ síbẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹ lè sọ lójú ẹni náà. "Xak Akápò" ò burú. Ẹ má kọ èébú, ẹ má kọ àdàpè.

Nǹkan kejì tí a máa ń dà pọ̀: àkójọ tó ń yọ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀wé kì í ṣe ìwé àdírẹ́sì. Auto-Complete List lorúkọ rẹ̀, ìrántí lásán ni. Títí dé Outlook 2007, fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .nk2 ló ń gbé. Láti Outlook 2010 ó ti wọ inú àpótí ímeèlì fúnra rẹ̀. Orúkọ 1,000 ló ń gbà mọ. Bí ẹ bá tún àdírẹ́sì ṣe nínú kọ́ńtáàtì, ìrántí yẹn ò gbọ́, ti àná ló máa gbé síwájú yín. Ẹ fi ọfà kíbọ́ọ̀dù dé orí rẹ̀ kí ẹ tẹ Delete, tàbí kí ẹ tẹ X tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ dànù, File, Options, Mail, bọ́tìnì Empty Auto-Complete List wà lábẹ́ Send messages. Èmi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ tẹ ìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Bí lẹ́tà bá padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní IMCEAEX, ẹ má pe ẹni náà pé àpótí rẹ̀ ti kún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìrántí Outlook ò tọ́jú àdírẹ́sì oní-@ rẹ̀. Àdírẹ́sì abẹ́lé Exchange, ètò ímeèlì ilé iṣẹ́ ti Microsoft, ló tọ́jú, wọ́n sì ti gbé àpótí náà kúrò tàbí tún un dá. Ẹ yọ orúkọ náà kúrò nínú àkójọ, ẹ yan ẹni náà lákọ̀tun láti inú Address Book, á lọ.

ỌmọGmail

Gmail náà ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀, Other contacts ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ ò bá fẹ́ kó máa kó ẹni tí ẹ kọ̀wé sí lẹ́ẹ̀kan pọ̀, ẹ lọ sí Settings, General, ẹ wá Create contacts for auto-complete, ẹ yan I'll add contacts myself.

ÌyáKíbọ́ọ̀dù

Ẹ ti sọ ibi tí a ń kọ ọ́ sí. Irú ìnagijẹ wo ló yẹ kéèyàn kọ? Iṣẹ́ ibẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ìnagijẹ tó bá jọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹlòmíràn ò wúlò. Bí ẹ bá fi "ade" ṣe ìnagijẹ, gbogbo Adé inú ìwé náà á tẹ̀ lé e jáde. Ẹ wo álífábẹ́ẹ̀tì wa: kò sí c, q, v, x àti z nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé kò sí orúkọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ yan ọ̀kan, kí gbogbo ìnagijẹ yín máa fi bẹ̀rẹ̀: xak fún akápò, xko fún akọ̀wé, xal fún alága. Bí kọ́ńtáàtì yín bá kún fún Xavier àti Zainab, ẹ lo q. Lẹ́yìn x yẹn, lẹ́tà méjì ti tó. Mẹ́ta ló pọ̀ jù. Bó bá ti gùn ju mẹ́rin lọ, ó sàn kí ẹ kúkú tẹ orúkọ.

Ẹ má fi àlàfo, kọ́mà, @ tàbí àkámọ́ sínú rẹ̀. Kọ́mà ni Gmail, Thunderbird àti ọ̀pọ̀ mìíràn fi ń mọ̀ pé àdírẹ́sì kan ti parí, nítorí náà bí ẹ bá tẹ kọ́mà, ẹ ti gé ìnagijẹ náà sí méjì.

Ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Mo mọ̀ pé èyí á dun àwọn tó fẹ́ràn àkọtọ́ bíi tèmi, àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà méjì ló wà tí kíbọ́ọ̀dù lè gbà kọ ọ́. Ọ̀kan mú ẹ, U+1EB9 (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi mọ lẹ́tà náà nìyẹn), ó fi àmì òkè U+0301 lé e lórí. Èkejì mú é, U+00E9, ó fi àmì U+0323 sí i nídìí. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ rí i, àfi tó bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan. Bí kíbọ́ọ̀dù fóònù bá kọ ọ́ lọ́nà kan, tí ti kọ̀ǹpútà kọ ọ́ lọ́nà kejì, ìnagijẹ tí ẹ kọ síbí lè má ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ ó sì máa wá ohun tó ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kọ orúkọ èèyàn pẹ̀lú àmì tó pé sí First name, torí òun ló ń bá lẹ́tà lọ. Ìnagijẹ ní tirẹ̀, lẹ́tà gbọọrọ ni.

Ó tún dáa kí ìnagijẹ dúró fún ipò dípò èèyàn. Bí akápò bá yí padà, ẹ yọ xak kúrò lára ẹni àná, ẹ fi sára ẹni tuntun, ọwọ́ yín ò ní láti kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ṣe méjèèjì. Bí xak bá wà lára ẹni méjì fún ọ̀sẹ̀ kan, ìwé owó á dé ọwọ́ ẹni tó ti fi ipò sílẹ̀.

FóònùLọ́wọ́

Ti Android: nínú áàpù Contacts ti Google, ẹ ṣí ẹni náà, ẹ tẹ àwòrán gègé, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fi àlàfo kún un, Nickname wà láàárín wọn. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo ibi tí kọ́ńtáàtì náà wà ní ìpamọ́. Bó bá jẹ́ orí káàdì SIM, ẹ ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni: orúkọ àti nọ́ńbà ni iṣẹ́ SIM, kò gba ìnagijẹ. Bó bá jẹ́ Device, inú fóònù yẹn nìkan ló máa wà, Gmail orí kọ̀ǹpútà ò ní rí i. Ẹ gbé e lọ sórí àkántì Google.

Ti iPhone: áàpù Contacts, Edit, ẹ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, add field, ẹ yan Nickname. Bí áàpù Mail bá ń gbé àdírẹ́sì àtijọ́ wá níwájú To, ẹ tẹ i tó wà nínú róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yan Remove from Recents.

TẹminálìDúdú

Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ mutt, ohun èlò ímeèlì tí a ń lò nínú tẹminálì? Ó dáa, èmi á dá a sọ. Àwọn ìlà yìí nìkan ni ẹ nílò nínú muttrc, fáìlì ètò rẹ̀:

set alias_file=~/.mutt/aliases
source ~/.mutt/aliases

Inú fáìlì aliases yẹn wá ni ìnagijẹ ń gbé:

alias xak Akápò <akapo@example.org>
alias xko Akọ̀wé <akowe@example.org>
alias xigb xak, xko

Ìlà kẹta yẹn kó méjì àkọ́kọ́ pọ̀: ẹ tẹ xigb sí To, lẹ́tà á lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá ń ka lẹ́tà ẹnì kan tí ẹ fẹ́ fún ní ìnagijẹ, ẹ tẹ a, mutt á béèrè ohun tó kù, á sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Tí ẹ bá gbàgbé ìnagijẹ níwájú To, Tab á ṣí gbogbo àkójọ.

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, èèyàn á kọ alias_file, á gbàgbé source. Mutt á máa kọ ìnagijẹ sínú fáìlì dáadáa, ìnagijẹ á sì ṣiṣẹ́ lónìí. Tí ẹ bá pa mutt kí ẹ tún un ṣí, kò ní mọ ọ̀kankan mọ́. Èkejì, bí fáìlì náà ò bá tíì sí, source á kígbe nígbà tí mutt bá ń gbéra. Ẹ fi àṣẹ touch ~/.mutt/aliases dá a sílẹ̀ ṣáájú.

Xak yẹn kì í bá lẹ́tà lọ. "Akápò" tó tẹ̀ lé e ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìnagijẹ yìí kì í ṣe àṣà tuntun o. Ìwé àdírẹ́sì Eudora, ohun èlò ímeèlì ayé àtijọ́, Nicknames gan-an ni wọ́n ń pè é. Pine, ohun èlò ímeèlì mìíràn, àti Alpine tó jogún rẹ̀, ìnagijẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì .addressbook: ìnagijẹ, Tab, orúkọ, Tab, àdírẹ́sì.

Akọ̀wéTuntun

Ẹ̀gbọ́n TẹminálìDúdú, xigb yẹn wù mí. Ṣé Gmail lè ṣe irú rẹ̀? Ṣé àwọn mìíràn náà lè fi xigb yẹn kọ̀wé sí wa?

Ọpọ́nÈrò

Ìbéèrè kejì lẹ́ kọ́kọ́ jẹ́ n dáhùn: rárá. Ìnagijẹ inú ìwé àdírẹ́sì yín, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí gbogbo ayé lè kọ̀wé sí ni alias orí sáfà (ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì, tó sì ń pín in), ìyẹn ni àdírẹ́sì tòótọ́ tó ní @, tí ẹni tó ń bójú tó sáfà ń kọ sílẹ̀. Lórí sáfà tó ń lo sendmail tàbí Postfix, inú /etc/aliases ló sábà ń wà, bí wọ́n bá sì tún un kọ láìpe àṣẹ newaliases, àtúnṣe náà ò ní ṣiṣẹ́. Orúkọ ló jọra, iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Gmail lè ṣe àpapọ̀, lẹ́bẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú Google Contacts, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Labels, ẹ sọ ọ́ ní xigb, ẹ fi àmì sí àwọn èèyàn náà, ẹ yan lẹ́bẹ́ẹ̀lì fún wọn. Níwájú To ẹ tẹ xigb, yóò yọ, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì wọn á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́ńtáàtì tí kò bá ní ímeèlì nínú, tó jẹ́ nọ́ńbà fóònù nìkan ló ní, kò ní sí níbẹ̀. Ẹ ka iye wọn lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Àkántì Gmail ọ̀fẹ́ ò gbà ju olùgbà 500 lọ nínú lẹ́tà kan.

Thunderbird ń pè é ní List. Nígbà tí ẹ bá ń dá a, àlàfo kan wà fún orúkọ rẹ̀, òmíràn wà fún ìnagijẹ rẹ̀.

Ẹ fi àpapọ̀ sí Bcc bí àwọn èèyàn náà ò bá mọra wọn. Níwájú To, gbogbo wọn á rí àdírẹ́sì ara wọn, ẹnì kan á sì tẹ Reply all láìpẹ́. Kí To má bàa ṣófo, ẹ fi àdírẹ́sì ara yín síbẹ̀.

ẸyẹÀrá

Kí Akọ̀wéTuntun má bàa kọ ìnagijẹ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ so Thunderbird mọ́ kọ́ńtáàtì Google. Nínú Address Book, ẹ wá ibi tí ẹ ti lè dá ìwé tuntun, ẹ yan Add CardDAV Address Book (CardDAV ni ìlànà tó ń mú kí ìwé àdírẹ́sì ibi méjì bára mu), ẹ kọ àdírẹ́sì Gmail yín, ẹ wọlé sí àkántì nígbà tí fèrèsé Google bá yọ. Ẹ kọ ìnagijẹ ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dúró kó dé ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ tó kọ ìyókù.

OlójúKíkan

Bí ẹ bá fẹ́ fi fáìlì gbé e ńkọ́, ẹ wo irú vCard, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé kọ́ńtáàtì, tó jẹ́. NICKNAME wọ inú ìlànà vCard ní 3.0, RFC 2426 ti ọdún 1998, 4.0, RFC 6350 ti 2011, náà ní i. Ṣùgbọ́n 2.1 ò ní i. Ẹ fi ohun tí ń ka ọ̀rọ̀ lásán ṣí fáìlì náà. Bí ẹ bá rí VERSION:3.0, kí irú ìlà yìí sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti dé ibi tó dáa:

NICKNAME:xak

Bí ẹ bá rí VERSION:2.1 láti inú fóònù Android, ìlà tó gbé ìnagijẹ lè jẹ́ X-ANDROID-CUSTOM, àwọn ẹ̀rọ mìíràn á sì fò ó bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nínú ìlànà 3.0, kọ́mà ń ya ìnagijẹ méjì sọ́tọ̀, torí náà NICKNAME:xak,aka túmọ̀ sí pé ẹni náà ní méjì.

ÌyáKíbọ́ọ̀dù

Bí ìnagijẹ ṣe ń mú ọwọ́ yá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú àṣìṣe yá. Ẹ lọ sí Settings nínú Gmail, General, Undo Send, tó ń jẹ́ kí ẹ lè fa lẹ́tà padà: 5, 10, 20 tàbí 30 ìṣẹ́jú àáyá ló wà ńbẹ̀. Ẹ yan 30. Nínú Thunderbird, ẹ fi Ctrl+Shift+Enter dípò Ctrl+Enter. Inú Outbox ni lẹ́tà á dúró sí títí ẹ ó fi sọ pé kó lọ. Ẹ jẹ́ kí ojú yín bọ́ sí ohun tó tẹ̀ lé @, kó má jẹ́ orúkọ nìkan. Orúkọ lè bára mu kí ibi tí lẹ́tà ń lọ má bára mu.

Akọ̀wéTuntun

Mo ti ṣe ogún èèyàn àkọ́kọ́, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Ẹyọ kan ló kù: xak ń gbé ìlà méjì wá, ẹnì kan náà ni méjèèjì.

ỌmọGmail

Ẹ wo àdírẹ́sì abẹ́ orúkọ náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan wá láti Other contacts, ẹ wá a níbẹ̀ kí ẹ pa á rẹ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí Merge & fix dà á pọ̀ mọ́ ti gidi. Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì méjì bá wà nínú kọ́ńtáàtì kan ṣoṣo, ti iṣẹ́ àti ti ilé, méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ láti yọ. Ẹ yọ ti ilé kúrò níbẹ̀, ẹ dá kọ́ńtáàtì tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ fún un ní xil. Bí Merge & fix bá tún bi yín bóyá kó pa wọ́n pọ̀, ẹ tẹ Dismiss.

Akọ̀wéTuntun

Àdírẹ́sì méjì nínú kọ́ńtáàtì kan ni. Mo ti pín wọn, ìlà kan ló ń yọ báyìí.